Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbẹ́ bọ̀hóòlù n'Ìbàdàn, ẹ kọ́kọ́ wádìí àpáta

Ẹ̀gbọ́n mi kan l'Akóbọ̀ gbẹ́ bọ̀hóòlù, omi tú yàà, ni aládùúgbò ẹ̀ náà bá pe àwọn tó gbẹ́ ẹ, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí ti àkọ́kọ́, wọ́n gbẹ́ gbẹ́ gbẹ́, eruku funfun nìkan ló ń tú jáde, owó sì ti lọ. Wọ́n ní ayé ni. Èmi ò gbà, àpáta ni.

Abẹ́ ilẹ̀ tiwa ò jọ t'Èkó. L'Ékòó, yanrìn àti amọ̀ ló tò léra wọn lọ sísàlẹ̀, omi sì wà láàárín yanrìn. N'Ìbàdàn, àpáta ọjọ́ aláyé ti dáyé ni, granite, gneiss, àti quartzite tó yọrí sókè láwọn òkè bíi Màpó, Àrẹ̀mọ àti Mọ́kọ́lá. Àpáta tó le gan-gan ò gbomi dúró. Omi ń gbé inú erùpẹ̀ tí àpáta ti jẹrà dà lókè, ó sì ń gbé ojú ibi tí àpáta ti lanu nísàlẹ̀. Inú erùpẹ̀ yẹn ni kànga àwọn bàbá wa ti ń mu, ìyẹn ló jẹ́ kí púpọ̀ nínú wọn máa gbẹ bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú ní Fẹ́búárì sí Máàṣì. Bọ̀hóòlù ń wá ojú tó lanu yẹn ní tiẹ̀. Ṣẹ́ẹ mọ̀ pé bí ògiri ò lanu aláǹgbá ò ríbi wọ̀, omi náà nìyẹn, tẹ́ ẹ bá fi ìṣísẹ̀ díẹ̀ yẹ̀ ẹ́, ó parí.

Torí náà kẹ́ ẹ tó pe ríìgì, ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ ẹ, ẹ pe jiọ́lọ́jíìsì, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta, kó wá ṣe sọ́fè, kó wo abẹ́ ilẹ̀ náà. Ó máa kan irin mẹ́rin mọ́lẹ̀, á fi wáyà gbé iná gba inú ilẹ̀, á sì máa fa wáyà yẹn gùn sí i kó lè rí ìsàlẹ̀ dáadáa. Amọ̀ àti ilẹ̀ tó lómi máa ń jẹ́ kí iná kọjá, ògidì àpáta kì í gbà fún un. Tí kọ́ńpáǹdù yín bá há, á ní láti fa wáyà bọ́ sí títì, ẹ má bínú. Ẹni tó bá kàn mú wáyà méjì tó tẹ̀ dání tó ń rìn káàkiri, ẹ fún un lómi mu kó máa lọ. Kẹ́ ẹ sì má lo ẹni tí àwọn tó fẹ́ gbẹ́ ẹ mú wá nìkan, torí kò lè sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má gbẹ́ ẹ. Ẹ bi àwọn aládùúgbò náà, báwo ni tiwọn ṣe jìn tó, oṣù wo ló ń gbẹ. Sókàwéè ńkọ́? Kó fi mítà 30 ó kéré tán jìnnà sí bọ̀hóòlù, tiyín àti ti ẹni tó kàn yín, mo mọ̀ pé kò rọrùn lórí ìdajì pulọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n omi ìgbẹ́ ò mọ fẹ́ǹsì.

Ọ̀rọ̀ owó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣé mítà kọ̀ọ̀kan lẹ ń san ni àbí gbogbo ẹ̀ lápapọ̀? Tí kò bá sómi ńkọ́, èló lẹ máa san? Ibí yìí ni ìjà ti máa ń bẹ́ sílẹ̀, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sẹ́ni tó ń béèrè ẹ̀ títí dìgbà tí eruku bá dá jáde. Kéésìn náà, ìyẹn páìpù tí wọ́n ń kì bọ inú ihò, ẹ fọwọ́ kàn án kó tó wọlẹ̀, èyí tó fẹ́lẹ́ máa ń fún pọ̀ nínú ilẹ̀.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ dúró tì wọ́n. Ẹ wọn ọ̀pá ríìgì kan, kẹ́ ẹ sì máa ka iye tó wọlẹ̀, kẹ́nìkan má bàa gba owó mítà 70 fún 50. (Ẹ sọ fáwọn ará ilé kejì kí wọ́n ká aṣọ tí wọ́n sá.) Ẹ máa wo ohun tó ń tú jáde: pupa àti àwọ̀ ilẹ̀ lókè, wọn ò tíì dé àpáta, eérú tàbí funfun tó gbẹ, wọ́n ti wọ inú ẹ̀. Tí ọ̀pá bá já wọlẹ̀ lójijì tí eruku di ẹrẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti bá ojú tó lanu.

Kéésìn gbọ́dọ̀ kọjá gbogbo erùpẹ̀ jíjẹrà yẹn, kí wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì dí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lókè kí omi àgbàrá má bàa ṣàn wọ̀ ọ́. Kí wọ́n fi kọ̀ǹpúrésọ̀, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn, fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n fa omi ẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe ń lọ sílẹ̀ tó sì ń padà, ìgbà yẹn lẹ tó lè mọ irú sọ́mò, ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè, tó yẹ kẹ́ ẹ rà, torí sọ́mò tó bá lágbára ju omi tó ń wọlé lọ máa fà á gbẹ, á sì jóná. Kẹ́ ẹ tó máa mu ún, ẹ da kílórínì sí i, kẹ́ ẹ sì gbé díẹ̀ lọ sí láàbù.