Àṣìṣe tí àwa olùdarí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ń ṣe, tó ń fi ọmọ ọlọ́mọ sínú ewu

“A mọ̀ ọ́n dáadáa, ọmọ wa ni.” Bí mo bá gbọ́ gbólóhùn yìí nípàdé àwọn olùdarí, ara mi kì í balẹ̀. Wọ́n fẹ́ yan alábòójútó fún àwọn ọmọ, ẹnì kan béèrè pé ta ló lè jẹ́rìí ẹni tí wọ́n fẹ́ yàn, kíá ni gbogbo ilé á dá a lóhùn: irú ìbéèrè wo nìyẹn, ṣebí ojú wa ló ṣe dàgbà? Ojú wa ló ṣe dàgbà lóòótọ́. Àmọ́ àwọn tó ń ṣe ọmọ ní jàǹbá nínú ẹgbẹ́, ì báà jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́ṣáláṣí, ti Scout tàbí ti bọ́ọ̀lù àdúgbò, wọn kì í sábà jẹ́ àjèjì. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Nítorí náà, ètò ààbò kì í ṣe ẹ̀sùn tí a fi kan ẹnikẹ́ni. Bákan náà ló rí fún pásítọ̀ àti fún ẹni tó dara pọ̀ mọ́ wa lánàá, ẹni tí kò bá sì fẹ́ kí ó kan òun, òun gan-an ni kí ẹ wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kì í ṣe nǹkan tuntun nílẹ̀ wa. Boys' Brigade ti wà ní Nàìjíríà láti 1908, Scout láti 1915. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n fi ìwà tútù àti ìbọ̀wọ̀ fágbà kọ́ níbẹ̀, ó sì ṣe wá láǹfààní. Ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ̀ yẹn kan náà ni kì í jẹ́ kí ọmọ ọdún mọ́kànlá lè la ẹnu rẹ̀ pé, “Bọ̀dá, ẹ má fọwọ́ kàn mí níbẹ̀ mọ́.” Bí a kò bá sọ fún un létí gbogbo ènìyàn pé ó lè sọ bẹ́ẹ̀, kò ní í sọ ọ́.

Àgbà kan, ọmọ kan, ilẹ̀kùn títì

Èyí ló wọ́pọ̀ jù, ó sì máa ń jọ oore. Bọ̀dá tó ń kọ́ wọn ní kíbọ́ọ̀dù dá ọmọ kan dúró lẹ́yìn ìgbà tí àwọn yòókù ti lọ, torí pé ọwọ́ ọmọ náà yá. Òjò ń rọ̀, áńtì kan ní kí ọmọdébìnrin wá sùn nílé òun. Olùdarí kan ń fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé ọmọkùnrin kan ṣoṣo lọ sílé ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ó ṣeé ṣe kí ọkàn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́. Bó bá sì di ọjọ́ tí ẹnì kan tí ọkàn rẹ̀ kò mọ́ bá ṣe irú rẹ̀, ta ló máa yà lẹ́nu, nígbà tó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni a ti ń ṣe é?

Ẹ má ṣe jẹ́ kí àgbàlagbà kan dá wà pẹ̀lú ọmọ kan níbi tí ojú ẹlòmíràn kò tó. Àgbà méjì ni kó máa wà níbẹ̀, kí wọ́n má sì jẹ́ tọkọtaya tàbí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bí ẹ bá lè rí ẹlòmíràn. Bí ọmọ bá ní ọ̀rọ̀ àṣírí tó fẹ́ sọ, ẹ jókòó síbi tí ojú àwọn ènìyàn ti ń tó yín ṣùgbọ́n tí etí wọn kò tó yín. Abẹ́ igi inú ọgbà dára ju ọ́fíìsì lọ. Ẹgbẹ́ tó bá ní ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ ní olùdarí obìnrin tó ń wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kì í ṣe “ìyàwó pásítọ̀ máa yọjú lọ́sàn-án”.

Ní káńpù, ibi tí a máa ń gbàgbé ni orí ẹní. Àgbàlagbà kì í bá ọmọ sùn nínú yàrá kan náà, èyí ọ̀pọ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n a máa ń kó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án àti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún sórí ẹní kan ṣoṣo torí pé ọkùnrin ni gbogbo wọn. Ẹ pín wọn bí ọjọ́ orí wọn ṣe sún mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ náà ni balùwẹ̀: àkókò àgbà yàtọ̀, àkókò ọmọ yàtọ̀.

Ẹnìkan á ní, “Níbo la ti fẹ́ rí àgbà méjì-méjì? Ọ̀fẹ́ la ń ṣe é.” Bí ẹ kò bá rí wọn, ẹ wọ́gi lé eré ọjọ́ náà.

Orí fóònù kò yàtọ̀. Olùdarí tó ń bá ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp láago mọ́kànlá òru, inú yàrá títì náà ló wà. Inú gúrúùpù tí òbí wà ni kí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ti máa wáyé. Fọ́tò ńkọ́? Ẹ gba àṣẹ òbí, ẹ má kọ orúkọ ọmọ àti ilé ìwé rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ẹ má sì gbé e sójú òpó Facebook nígbà tí ẹ ṣì wà níbi tí ẹ lọ.

“Ẹ jẹ́ ká yanjú rẹ̀ nínú ilé”

Ká ní ọmọ kan wá sọ pé olùdarí kan fọwọ́ kan òun, tàbí ó ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibí ni àṣìṣe wa ti máa ń pọ̀ jù, àwọn tó sì ń ṣe é kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n á pe ọmọ náà síwájú ìgbìmọ̀, wọ́n á ní kó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ lójú ẹni tó fi sùn. Wọ́n á béèrè aṣọ tó wọ̀. Wọ́n á ní kí onítọ̀hún kúnlẹ̀ kó tọrọ àforíjì, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á sì rọra gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn, níbi tí àwọn ọmọ mìíràn wà.

Òfin kò fàyè gba ìyẹn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé ọmọdé ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ẹ̀wọ̀n gbére sì ni ìjìyà ẹni tó bá bá a lò pọ̀. Bí ó bá ní ọmọ náà gbà, tàbí ó ní òun rò pé ó ti dàgbà, òfin kan náà sọ pé ìyẹn kì í ṣe àwáwí. Ìpínlẹ̀ Èkó sọ ọ́ di òfin tirẹ̀ ní 2007. Kì í ṣe ẹjọ́ tí bàbá ìjọ tàbí alága ẹgbẹ́ lè parí.

Ohun tí ẹ máa ṣe kò pọ̀. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, ẹ má ṣèlérí pé ẹ kò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ ohun tó sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ẹ pe òbí rẹ̀, àyàfi bó bá jẹ́ pé òbí náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìfipábánilòpọ̀, ẹ má ṣe wẹ̀ fún un, ẹ má fọ aṣọ rẹ̀. Inú àpò pépà ni kí ẹ kó aṣọ náà sí, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, torí oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV kò níí ṣiṣẹ́ mọ́ bí wákàtí 72 bá ti kọjá. Ní Èkó, Mirabel Centre wà nínú ọgbà LASUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, n'Íkẹjà láti 2013, irú iṣẹ́ yìí gan-an ni wọ́n ń ṣe. Ẹ fi tó ọlọ́pàá létí. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, kó kúrò láàárín àwọn ọmọ títí ìwádìí á fi parí. Ìyẹn kì í ṣe ìdájọ́.

Omi

Bí ìsinmi bá dé, Erin-Ìjẹ̀ṣà àti etí òkun Èkó ni gbogbo ẹgbẹ́ ń sáré lọ. Ìsinmi gígùn náà sì bọ́ sínú òjò, ìgbà tí omi Olúmirìn, ìyẹn ìṣàn omi Erin-Ìjẹ̀ṣà, ń ya lulẹ̀ pẹ̀lú agbára, tí òkúta rẹ̀ ń yọ̀. Ìpele méje ni ibẹ̀ ní. Kò pọn dandan kí gbogbo ọmọ gùn ún dókè.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ létí omi ni “gbogbo wa la ń wò wọ́n”. Nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ń wò, kò sẹ́ni tó ń wò. Ẹ pín ọmọ fún olùdarí kọ̀ọ̀kan lórúkọ, kí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwò má ṣe ya fọ́tò, kó má sì din ẹran. Ẹ má sì dúró de igbe: ẹni tó ń rì sómi kì í sábà lè pariwo, torí èémí ló ń wá. Ó lè dákẹ́ rọ́rọ́ lójú yín.

Ti òkun tún yàtọ̀. Omi tí ìgbì gbé wá máa ń gba ojú ọ̀nà tóóró kan padà, ó sì lè wọ́ ènìyàn lọ sí àárín òkun. Ojú ibẹ̀ lè pa rọ́rọ́ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ìgbì kì í fi bẹ́ẹ̀ fọ́ níbẹ̀, òun náà ló sì ń fa àwọn ọmọ mọ́ra. Ọmọ tó mọ̀wẹ̀ nínú puùlù òtẹ́ẹ̀lì kò tíì mọ̀wẹ̀ nínú òkun. Ẹni tí omi náà bá mú, kó má bá a jà láti padà sẹ́yìn. Kó léfòó, kó sì máa lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbú, títí yóò fi bọ́.

Ẹ má bẹ́ sómi láti yọ ọmọ bí ẹ kò bá mọ iṣẹ́ náà. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí ẹ dé lẹ́nu, tí ẹ so okùn mọ́, lè yọ ẹ̀mí. Bí wọ́n bá sì gbé ọmọ jáde tí kò mí, ẹ má dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ níkùn pé ẹ fẹ́ da omi jáde. Ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu, ẹ tẹ àyà rẹ̀, kí ẹlòmíràn pe 112. Ní Èkó, 767 náà ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà, oúnjẹ, oògùn

Ọkọ̀ tó gba èrò 14, ẹ má kó ọmọ 22 sínú rẹ̀ pé wọ́n kéré. Ẹ má gbé wọn sẹ́yìn tìpà. Bí ọkọ̀ bá pẹ́ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, ẹ sùn síbi tí ẹ wà. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lóru kì í ṣe ibi tí èèyàn ń kó ọmọ ọlọ́mọ gbà. Nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122.

Fọ́ọ̀mù tí òbí ń kọ kì í ṣe fún fáìlì. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS kò gbọ́dọ̀ wẹ omi tútù pẹ́, kò gbọ́dọ̀ gbẹ̀wẹ̀ láìmumi, kò sì gbọ́dọ̀ ṣe frog jump nínú oòrùn nítorí pé ó pẹ́ dé ìlà. Ìyà yẹn, ẹ jẹ́ kó parẹ́ fún gbogbo ọmọ, mo ti sọ ọ́ títí ó ti ń sú wọn. Ẹ má fún ọmọ lóògùn tí òbí rẹ̀ kò mọ̀ sí. Àwọn kan wà tí ara wọn kọ Septrin àti Fansidar. Ọmọ tó ní ikọ́ fée, inhaler rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nítòsí rẹ̀, kì í ṣe nínú báàgì tí ẹ kó sórí ọkọ̀.

Wákàtí tí ẹ padà dé náà tún kù. Ó ti rẹ gbogbo yín, òbí ń pẹ́, ẹnì kan sọ pé òun mọ ilé ọmọ yẹn, kí òun mú un lọ. Ẹ má fún un. Orúkọ ẹni tó lè gba ọmọ gbọ́dọ̀ ti wà lórí fọ́ọ̀mù ṣáájú, kí onítọ̀hún sì buwọ́ lùwé. Àgbà méjì ló máa dúró títí ọmọ tó kẹ́yìn á fi lọ, ì báà di aago mẹ́sàn-án alẹ́.