Okùn mítà 30: bí mo ṣe kọ́ aṣọ́lé mẹ́ta láti jáde pàdé bọ́ọ̀lù

Ọwọ́ aṣọ́lé mọ ohun púpọ̀ tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ. Ìṣòro àkọ́kọ́ nìyẹn nígbà tí mo kúrò lójú ilé tí mo di olùkọ́ àwọn aṣọ́lé. Ọ̀nà náà kì í ṣe tuntun: Ike Shorunmu ṣọ́lé fún Nàìjíríà ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2002, Vincent Enyeama ló sì ṣọ́lé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹta pẹ̀lú England, tí wọ́n gbá òmì 0–0. Nígbà tí Super Eagles gba ife Áfíríkà ní 2013, Shorunmu ló ń kọ́ àwọn aṣọ́lé, Enyeama yìí kan náà ló sì wà lójú ilé.

Mo ń pariwo “jáde!” fún ọmọ ọdún 15, kò sì mọ ibi tí òun máa jáde dé. Okùn ló bá mi ṣàlàyé.

Mo so orí okùn kan mọ́ ìsàlẹ̀ òpó ọ̀tún, mo so ìkejì mọ́ òpó òsì, mo fa àárín rẹ̀ dé ojú àmì pẹnárítì, mítà 11 sí ilà ojú ilé, mo fi èèkàn dè é mọ́lẹ̀, mo sì gbé bọ́ọ̀lù síbẹ̀. Mítà 23 ó lé díẹ̀ ni ìyẹn gbà. Èyí tó kù ni mo ń tú sílẹ̀ tí mo bá sún bọ́ọ̀lù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Okùn náà ya bí ẹnu àlùmọ́gàjí. Ẹni tó dúró lórí ilà ní mítà 7.32 láti bò. Tó bá jáde ní mítà 3, ó ku nǹkan bíi 5.3, ní mítà 5, ó ku 4. Mo jẹ́ kí wọ́n na ọwọ́ sí okùn fúnra wọn, kí ara wọn gbà á gbọ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù wá hàn nígbà tí bọ́ọ̀lù lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́: gbogbo wọn dúró sí àárín ilé. Àárín okùn ni àyè aṣọ́lé, kì í ṣe àárín ilé. Ewu míì ni bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbé gba orí ẹni tó jáde jù. Nítorí náà, mo ní kí wọ́n wo orí agbábọ́ọ̀lù iwájú: tó bá tẹrí ba sórí bọ́ọ̀lù, ẹ jáde, tó bá gbójú sókè tí àyè sì gbà á, ẹ dúró.

Ẹsẹ̀ ló tẹ̀ lé e, òun ni mo sì kà sí pàtàkì jù. Kí ẹsẹ̀ alátakò tó kan bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ aṣọ́lé méjèèjì gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀, kí ó fẹ̀ tó èjìká, kí ara wúwo síwájú, kì í ṣe sórí gìgísẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sí nígbà tó ṣì ń sáré kò ní rí ilẹ̀ tì láti fò.

Fún ìfò, mo da iyanrìn sílẹ̀, nítorí pápá wa le. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní ìjókòó, lẹ́yìn náà lórí eékún, lóṣòó, kí wọ́n tó dìde dúró. Ẹ̀gbẹ́ itan, ìbàdí àti èjìká ló ń balẹ̀. Ẹni tó bá fi ìgbọ̀nwọ́ balẹ̀ máa ń jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù, ó sì lè ṣèṣe. Bọ́ọ̀lù 6 lápá kan, ìsinmi ìṣẹ́jú kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Mi ò kọjá bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó ti rẹ̀ ń kọ́ ìkọ́kúkọ̀ọ́ ni. Ọwọ́ ni mo fi ń ju bọ́ọ̀lù ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ó lè dé ibi tí mo fẹ́ gan-an. Tí wọ́n bá mú un, mo ń ka ìṣẹ́jú àáyá 8 sókè, nítorí láti sáà 2025/26, ẹni tó bá dì í mú kọjá ìyẹn, kọ́nà ni alátakò gbà.

Ní ọjọ́ kẹrin mo tú okùn kúrò. Àmì pẹnárítì àti igun àpótí ni wọ́n fi ń mọ ibi tí wọ́n wà báyìí, láì bojú wẹ̀yìn.