Ìwé ìròyìn fún àyà lásìkò ọyẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ láàárọ̀ ọyẹ́, ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́, ewé méjì tàbí mẹ́ta, sí àyà láàárín síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣẹ́ẹ̀tì, láti ọrùn dé ìdodo. Afẹ́fẹ́ tó ń gba inú aṣọ wọlé ló ń kó ooru ara lọ. Ìwé á dí i. Ẹ má fi ọ̀rá rọ́pò rẹ̀ o, torí ọ̀rá kì í jẹ́ kí òógùn jáde, òógùn tó bá sì tutù lára a máa gbọn èèyàn jìnnìjìnnì. Tẹ́ ẹ bá ń gun òkè Mókọ́lá n'Ìbàdàn, ẹ tú bọ́tìnnì méjì. Kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè náà, ẹ dé e padà. Ìwé tó bá ti rin kò wúlò mọ́, ẹ yọ ọ́. Yíǹkì rẹ̀ sì lè ba aṣọ funfun jẹ́.