Bí mo ṣe ṣe bébà tó ń mọ ammonia fún ilé adìẹ ní Ìwòròkò

Ẹni tó bá ti wọ ilé adìẹ nígbà òjò ní Èkìtì níbí mọ nǹkan tí mò ń sọ, tí ìgbẹ́ wọn bá ti rin, ammonia, gáàsì tó ń jáde lára ìgbẹ́ náà, á kàn máa ta yín lójú ni. Àǹtí mi tó ń sin adìẹ ní Ìwòròkò, ojú títa yẹn ló fi ń mọ̀ pé ó yẹ kóun kó ìgbẹ́, bẹ́ẹ̀ imú tó bá ti mọ́ ọn lára kì í gbọ́ òórùn ẹ̀ dáadáa mọ́, adìẹ á sì ti máa jìyà.

Polyaniline ni mo fi ṣe é, ike tó ń gbé iná. Ike ni o! Ike tá a mọ̀ lára wáyà kì í jẹ́ kí iná gbé wa, àmọ́ ní 1977 àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta, Shirakawa, MacDiarmid àti Heeger, fi iodine kan ike kan tó ń jẹ́ polyacetylene, ló bá ń gbé iná, òun ló gba Nobel fún wọn ní 2000. Iodine yẹn yọ elétírọ́ọ̀nù díẹ̀, àwọn nǹkan tíntìntín tó ń gbé iná, kúrò lára ike náà, àwọn tó kù wá ráyè rìn.

Lábù kan nínú Adó ni mo lò, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì ojú, níbi tí fáànù ti ń fa afẹ́fẹ́ jáde, torí májèlé ni aniline tá a fi ń ṣe polyaniline, ẹ má dán an wò ní kíṣìnnì jàre. Mo po aniline hydrochloride gíráàmù 2.59 mọ́ omi kó fi pé 50 ml, mo po ammonium persulfate, tó ń mú kí aniline so pọ̀ di ike, gíráàmù 5.71 náà sínú 50 ml míì, mo wá da méjèèjì pọ̀, mo ki bébà filter, bébà tí wọ́n fi ń sẹ́ nǹkan, tí mo ti gé tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Níbẹ̀rẹ̀ ẹ ò ní rí nǹkankan, omi lásán, ó ṣe díẹ̀ ló bá ń di búlúù, búlúù ẹ̀ ń ki, ife ń gbóná lọ́wọ́ mi, àfi bó ṣe di àwọ̀ ewé! Ibẹ̀ yẹn dùn mọ́ mi gan-an, torí èyí tó láwọ̀ ewé yẹn ló ń gbé iná. Mo fi ásíìdì hydrochloric tí mo ti là fọ̀ ọ́, mo sá a síbòójì, n ò nílò ófùnù rárá, kí NEPA múná lọ tó bá wù wọ́n.

Mo fi mítà há etí bébà náà méjèèjì, mo ṣí ìgò ammonia lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, òǹkà ohm, ìyẹn bí bébà ṣe ń dí iná lọ́nà tó, bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, àwọ̀ ewé ń yí sí búlúù, torí ammonia ń gba ásíìdì tó wà lára ike yẹn, ọ̀nà iná wá dí. Mo gbé ìgò kúrò, òǹkà ń rọra sọ̀kalẹ̀.

Nílé adìẹ, ìsàlẹ̀ ni mo fi kọ́ ọ, níbi tí orí adìẹ mọ. Ọ̀rinrin náà máa ń yí òǹkà ẹ̀ padà, ẹ sì mọ ìrì àárọ̀ tiwa níbí, ni mo bá fi bébà kejì kọ́ síta níbi tí ò sí adìẹ, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì là ń wò. Àǹtí mi yẹ̀ ẹ́ wò títí, wọ́n ní, "Bébà yìí náà niná ń gbà kọjá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Ní báyìí, tí ìyàtọ̀ yẹn bá ti fẹ̀, wọ́n á ká tapólì sókè, wọ́n á da lẹ́búlẹ́bú pákó tó gbẹ sílẹ̀. Bébà tó bá ti di búlúù tí ò padà mọ́, ásíìdì yẹn náà ni mo fi ń fọ̀ ọ́, á tún láwọ̀ ewé padà.