Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Ṣírò Standard Deviation Lẹ́yìn Fílítà Nínú Excel

Ká ní ilé búrẹ́dì kan ń gbé búrẹ́dì lé òṣùwọ̀n kí wọ́n tó dì í sínú ọ̀rá, tí akọ̀wé sì ń tẹ ohun tí òṣùwọ̀n bá sọ sínú Excel. Òpó A ni ó ti ń kọ ìgbà tí wọ́n ṣe é, owuro tàbí ale, láìfi àmì sí i. Òpó B sì ni ìwọ̀n rẹ̀ ní gíráàmù. Láti ìlà 2 dé ìlà 6, búrẹ́dì òwúrọ̀ jẹ́ 690, 700, 710, 700 àti 700. Láti ìlà 7 dé ìlà 11, ti alẹ́ jẹ́ 640, 650, 660, 650 àti 650. Ọ̀gá wá béèrè pé báwo ni búrẹ́dì òwúrọ̀ ṣe yàtọ̀ síra wọn tó. Akọ̀wé fi fílítà mú owuro, ìlà márùn-ún péré ni ó kù lójú, ó tẹ =STDEV.S(B2:B11), ìyẹn ìlànà tí Excel fi ń ṣírò standard deviation, sínú D1, Excel sì dá a lóhùn pé 27.18. Ó kọ ọ́ sínú ìròyìn, ó sì fi ránṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo ìlà márùn-ún yẹn yóò rí i pé èyí tí ó jìnnà jù sí 700 kò fi ju gíráàmù 10 lọ, nítorí náà kò sí bí standard deviation wọn, ìyẹn òdiwọ̀n bí iye ṣe fọ́n ká sí ẹ̀gbẹ́ ìpíndọ́gba, ṣe lè tó 27. Ìdáhùn tí ó tọ́ ni 7.07. Ohun tí ó burú nínú àṣìṣe yìí ni pé Excel kò ní pariwo. Kò ní kọ àmì àṣìṣe kankan, nọ́ńbà tí ó dán ni yóò gbé jáde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ni pé fílítà kì í yọ nǹkan kan kúrò. Ẹni tí ó ń sẹ́ ògì máa ń da èérí sí ibòmíràn, ṣùgbọ́n fílítà kàn da aṣọ bo ìlà tí a kò fẹ́ rí ni, STDEV.S àti STDEV.P tí ó jẹ́ èkejì rẹ̀ sì ń rí abẹ́ aṣọ náà. Nítorí náà, ẹ má ṣe lò wọ́n lórí ìlà tí a ti fi fílítà mú. SUBTOTAL ni ó mọ ohun tí ó wà lójú: =SUBTOTAL(7,B2:B11), níbi tí 7 ti ń sọ fún un pé standard deviation bíi ti STDEV.S ni a fẹ́, yóò fún wa ní 7.07, bí a bá sì yí fílítà sí ale, òun náà yóò yí ìdáhùn rẹ̀ padà.

A tún lè kọ 107 sí ipò 7 nínú SUBTOTAL, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé 7 àti 107 jẹ́ ohun kan náà. Méjèèjì ni kì í ka ìlà tí fílítà bò, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ni akọ̀wé fi bo àwọn ìlà alẹ́, tí ó tẹ Hide lórí wọn, 7 yóò kà wọ́n, yóò sì tún fún un ní 27.18, nígbà tí 107 yóò fò wọ́n. Èmi kì í lo 7 mọ́, nítorí n kò lè mọ ẹni tí yóò fi ọwọ́ bo ìlà lẹ́yìn mi. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ìlà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Bí a bá bo òpó, SUBTOTAL yóò ṣì kà á.

Ẹ má ṣe fi 8 tàbí 108, tí ó ń ṣírò bíi ti STDEV.P, rọ́pò wọn nítorí pé nọ́ńbà tí ó ń gbé jáde kéré. Orí iye búrẹ́dì tí a wọ̀n, ìyẹn 5, ni 8 ń pín in sí, ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ 6.32, orí 4 ni 7 ń pín in sí. Bí márùn-ún yìí bá jẹ́ díẹ̀ tí a mú wò nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún tí wọ́n ṣe láàárọ̀ náà, 7 tàbí 107 ni ó yẹ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹyọ kan péré ni fílítà mú, àmì àṣìṣe #DIV/0! ni yóò jáde, èyí sì tọ́, nítorí ẹyọ kan kò lè fọ́n ká.

Àṣìṣe tí mo rí lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ Excel dáadáa ni ti òdo. Wọn a kọ =STDEV.S((A2:A11="owuro")*B2:B11), wọn a rò pé àwọn ti alẹ́ ti lọ. Wọn kò lọ rárá. Òdo ni wọ́n dà, Excel sì ka òdo márààrún mọ́ búrẹ́dì bí ẹni pé búrẹ́dì kan wà tí kò wọ̀n ohunkóhun, ìdáhùn sì di 368.96. Ohun tí ó yẹ ni =STDEV.S(IF(A2:A11="owuro",B2:B11)), láìfi òdo parí rẹ̀; nínú Excel àtijọ́, Ctrl, Shift àti Enter ni a ó tẹ̀ pọ̀. Ẹni tí Excel rẹ̀ bá ní ìlànà tí ń jẹ́ FILTER, tí ó yàtọ̀ sí fílítà tí a ń tẹ̀, lè lo =STDEV.S(FILTER(B2:B11,A2:A11="owuro")), ṣùgbọ́n kí ó má ṣe ti FILTER bọ inú SUBTOTAL, nítorí kò ní gbà á. Bí akọ̀wé méjì bá sì ń tẹ iṣẹ́, tí ọ̀kan kọ owuro, tí èkejì kọ òwúrọ̀, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Excel yóò kà wọ́n sí.

Bákan náà ni bí akọ̀wé bá tẹ 700g dípò 700. Lẹ́tà g yẹn ti sọ iye di ọ̀rọ̀, SUBTOTAL yóò sì fò ó láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kí a tó gba ìdáhùn gbọ́, ẹ fi =SUBTOTAL(102,B2:B11) ka iye tí ó jẹ́ nọ́ńbà, kí ẹ sì fi 103 ka gbogbo ohun tí wọ́n tẹ̀; bí méjèèjì kò bá dọ́gba, nǹkan kan ti bọ́ sílẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé àmì àṣìṣe wà láàárín àwọn iye, =AGGREGATE(7,7,B2:B11), tí 7 àkọ́kọ́ rẹ̀ dúró fún standard deviation, tí 7 kejì sì ń sọ ohun tí yóò fò, lè fò ó pẹ̀lú ìlà tí a bò, láti Excel 2010 wá.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ má ṣe ṣírò ti òwúrọ̀, kí ẹ ṣírò ti alẹ́, kí ẹ wá pín àpapọ̀ wọn sí méjì, kí ẹ pè é ní ti gbogbo ilé iṣẹ́. Ti òwúrọ̀ jẹ́ 7.07, ti alẹ́ náà jẹ́ 7.07, ìpíndọ́gba wọn kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba ìwọ̀n òwúrọ̀ jẹ́ 700, ti alẹ́ jẹ́ 650, àlàfo gíráàmù 50 yìí sì ni ó mú kí ti búrẹ́dì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jẹ́ 27.18, ìyẹn nọ́ńbà tí akọ̀wé wa kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá, tí ó pè ní ti òwúrọ̀.