Adìẹ Tí Kò Ṣàìsàn Ló Yẹ Ká Ṣọ́: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Sin Adìẹ àti Ẹni Tó Ń Sè É ní Òṣogbo

Bí táífọ́ọ̀dù adìẹ bá wọ pọ́tírì, ẹni tó ni ín á mọ̀. Ogbe adìẹ á ṣì, ìgbẹ́ rẹ̀ á di àwọ̀ ewé, òkú á sì máa pọ̀. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé: ṣé òun náà ló ń ṣe èèyàn ní táífọ́ọ̀dù? Rárá o.

Ìdílé kan náà, Salmonella, ni kòkòrò méjèèjì ti wá, àmọ́ ẹ̀yà tó wà nínú ìdílé yẹn lé ní 2,500, ìwà wọn ò sì dọ́gba. Gallinarum ń pa adìẹ, ó sì ṣọ̀wọ́n kó ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Typhi tó ń fa táífọ́ọ̀dù wa, ara èèyàn nìkan ló ń gbé. Omi tàbí oúnjẹ tí ìgbẹ́ èèyàn kàn la ti ń kó o. Àwọn tó yẹ kó kọ wá lóminú ni Enteritidis àti Typhimurium, tó ń fún èèyàn ní ìgbẹ́ gbuuru. Wọ́n lè wà nínú ìfun adìẹ kí adìẹ náà máa jẹ, kó máa yé, kó má sì sí ẹni tó fura. Enteritidis tiẹ̀ lè wọ ẹyin nínú adìẹ kí èèpo tó bò ó, nítorí náà fífọ ẹyin kò lè lé e jáde.

Campylobacter, kòkòrò mìíràn tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, náà wà níbẹ̀. Ara adìẹ gbóná tó 41 sí 42 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ibẹ̀ sì tù ú lára gan-an. Bíi 500 péré nínú wọn ti tó láti dá èèyàn dùbúlẹ̀.

Orúkọ lè pa èèyàn méjì pọ̀, oríkì orílẹ̀ ló ń yà wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ṣe ń ka àbùdá (jíìnì) kòkòrò wọ̀nyí: láti 2001 ni wọ́n ti ń fi àbùdá méje ya ẹ̀yà Campylobacter jejuni sọ́tọ̀, lónìí wọ́n lè ka gbogbo rẹ̀ tán. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ti wò ó, èyí tó pọ̀ jù lára aláìsàn jọ ti adìẹ ju ti ẹranko mìíràn lọ. Kòkòrò wọ̀nyí tún máa ń gba àbùdá lọ́wọ́ ara wọn, títí kan èyí tí kì í jẹ́ kí oògùn ràn wọ́n.

Ní ọgbà adìẹ

Ẹ má fi oògùn sómi adìẹ nítorí pé aládùúgbò yín ń ṣe bẹ́ẹ̀. Enrofloxacin tí wọ́n ń tà fún adìẹ, ìbátan ciprofloxacin tí dókítà ń kọ fún wa ni. Amẹ́ríkà fòfin dè é fún adìẹ ní 2005, torí Campylobacter tí oògùn ò ràn mọ́ ń ti ara adìẹ bọ́ sára èèyàn. Dókítà ẹran ni kó sọ oògùn tó yẹ. Ẹ ka iye ọjọ́ tó wà lára páálí. Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ má ta ẹyin, ẹ má pa adìẹ.

Ẹ ya bàtà kan sọ́tọ̀ fún inú ọgbà, ẹ sì dẹ pàkúté fún eku, torí eku ń gbé Salmonella kiri. Ìgbẹ́ adìẹ tútù kò gbọ́dọ̀ lọ sórí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Ẹ kó o jọ, kó jẹrà, kó gbóná dáadáa kí ẹ tó lò ó.

Lọ́jà àti nílé ìdáná

Bí wọ́n bá ń bá yín pa adìẹ lọ́jà, ẹ wo omi gbígbóná tí wọ́n fi ń hú u. Omi kan náà tí ogún adìẹ ti wọ̀ ń pín kòkòrò fún gbogbo wọn. Ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kódà bí wọ́n bá fajú ro.

Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ìlera ni pé ká má fọ adìẹ tútù rárá, torí omi ń ta kòkòrò káàkiri. A mọ̀ pé ìyá tí yóò gbà bẹ́ẹ̀ ní Òṣogbo kò pọ̀. Ẹni tí yóò bá fọ̀ ọ́, kó fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́ nínú abọ́, kó má ṣe é lábẹ́ ẹ̀rọ omi, kí àwo àti ẹ̀fọ́ jìnnà síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọṣẹ fún ọwọ́, ọ̀bẹ àti abọ́. Ẹ gé tòmátì kí ẹ tó gé ẹran.

Ìkòkò ọbẹ̀ wa kò ní wàhálà. Ooru 74 lórí òṣùwọ̀n Celsius tó wọ àárín ẹran ti tó láti pa wọ́n, ọbẹ̀ tó ń hó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Adìẹ yíyan ẹ̀bá títì tó ṣì pọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ni kí ẹ dá padà.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá dé

Salmonella lè bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 6 sí ọjọ́ 3, Campylobacter sábà máa ń gba ọjọ́ 2 sí 5, nítorí náà oúnjẹ àná lè má mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ po lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí ìtiì ṣúgà mẹ́fà tí kò kún kọjá ẹnu ṣíbí, àti ìdajì ṣíbí ìtiì iyọ̀, kí aláìsàn máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tó ń mu ọmú kò gbọ́dọ̀ dá a dúró. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tí ara gbóná, tàbí tí ọmọ ò lè mu omi mọ́, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹ má ra oògùn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń sin adìẹ, àti oògùn tí ẹ fún wọn láìpẹ́ yìí, kó lè ní kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ wò kó tó kọ oògùn.