Ẹ ṣọ́ra fún VLOOKUP tó ń gbé owó ọjà kan fún òmíràn

VLOOKUP ni fọ́múlà Excel tó ń wá orúkọ kan nínú ṣíìtì, tó sì ń gbé iye tó wà lórí ìlà rẹ̀ wá. Bí #N/A (ìyẹn ni pé Excel kò rí ohun tí ẹ ń wá) bá yọ nínú ṣíìtì yín, ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù, torí àṣìṣe tó fojú hàn ni. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni fọ́múlà tó gbé iye jáde wẹ́rẹ́, tó sì jẹ́ pé iye ọjà mìíràn ni.

Mo máa ń bá màmá kan tó ń ta àdìrẹ l'Óṣogbo tọ́jú ìṣirò ọjà. Ìsọ̀ méjì ni wọ́n ní, ọ̀kan l'Ọ́jà Ọba, ìkejì ní Ìgbóná, ṣíìtì kọ̀ọ̀kan sì wà fún wọn. Nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀, mo kọ fọ́múlà tó máa wá owó ọjà báyìí:

=VLOOKUP(A2,OjaOba!A2:C60,3)

Owó àdìrẹ oníko ló gbé wá fún àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Màmá wo bébà, wọ́n ní: "Ta ló lu ẹlẹ́kọ mi ní gbàǹjo?"

Èmi ni. N kò fi FALSE parí rẹ̀. Bí kò bá sí FALSE níbẹ̀, Excel á gbà pé a ti to orúkọ ọjà láti A dé Z, á sì mú èyí tó rò pé ó sún mọ́ ọn. Àwa kẹ̀, bí ẹrù ṣe ń wọlé la ṣe ń kọ ọ́! N kò fi $ sí i náà, nítorí náà bí mo ṣe ń fa fọ́múlà sísàlẹ̀ ni A2:C60 ń di A3:C61, tí àwọn ọjà òkè ń jábọ́.

Ẹ má fi IFERROR, fọ́múlà tó ń fi ohun mìíràn rọ́pò àṣìṣe, sọ àṣìṣe di 0. Àròpọ̀ á kéré, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀.

Àwọn mìíràn máa ń so VLOOKUP méjì pọ̀: bí kò bá sí l'Ọ́jà Ọba, kó wá a lọ sí Ìgbóná. Ó dáa bó bá jẹ́ pé ìsọ̀ kan ṣoṣo ni ọjà kọ̀ọ̀kan wà. Bó bá wà níbi méjèèjì, tí owó wọn kò sì dọ́gba, ti Ọjà Ọba nìkan lẹ ó máa rí. Ẹ kọ orúkọ ìsọ̀ sí B, kí ẹ wá kọ:

=VLOOKUP(A2,IF(B2="Igbona",Igbona!$A$2:$C$60,OjaOba!$A$2:$C$60),3,FALSE)

XLOOKUP, fọ́múlà tuntun tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, rọrùn jù ú lọ, àmọ́ kò sí nínú Excel 2016 tàbí 2019.

Ó ku ọ̀rọ̀ àmì. "Ẹlẹ́kọ" àti "Eleko" kì í ṣe ọ̀kan náà lójú Excel. TRIM lè gé àlàfo tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀, kò lè fi àmì sórí rẹ̀. Ní báyìí, AD01 ni ẹlẹ́kọ ń jẹ́ nínú ṣíìtì méjèèjì. Màmá ṣì ń pè é ní orúkọ tó wù wọ́n.